Ṣé Dìgírì Tó Ilẹ̀ Tí A Tà Lé E Lórí?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ tí a kì í dúpẹ́ rẹ̀ tó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ tò sẹ́yìn gbọ̀ngàn títí dé ẹnu ọ̀nà, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Torí yín ni mo ṣe wá.

Nígbà tí mò ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, bàbá kan dì mí lọ́wọ́ mú. Ọmọ wọn dúró lẹ́yìn wọn, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Olùkọ́, mi ò lè gbọ́ àlàyé gígùn. Mo ní ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ṣé kí n tà á, kí n fi rán ọmọ yìí lọ sí yunifásítì, àbí kí n má tà á? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kí ẹ fi dá mi lóhùn."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó. Mo rí wọn ní ìlà kẹta níbẹ̀ yẹn. Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kò lọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ìbéèrè yín ni mò ń dáhùn. Bí wọ́n bá bi èèyàn pé ṣé ìwé kíkà dára, ta ni yóò ní kò dára? Ìyẹn rọrùn. Tiyín ló le: ṣé ó tó ilẹ̀?

Kí ni a ń rà gan-an?

Ẹ jẹ́ ká ti orísun bọ̀. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, nígbà tí àwọn yunifásítì àkọ́kọ́ ń dìde, irú èyí tó wà ní Bologna ní Ítálì tí àwọn òpìtàn ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí 1088, ìwé tí wọ́n ń gbà jáde kì í ṣe ohun tí à ń gbé kọ́ ògiri. Ìwé àṣẹ ni. Licentia docendi ni wọ́n ń pè é lédè Látìn, ìyẹn àṣẹ láti kọ́ni. Ẹni tó bá mú un dání, ìwé náà á máa bá a sọ̀rọ̀ níbi tí òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ dé: "A ti yẹ ẹni yìí wò, ó yege." Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni dìgírì ti jẹ́ nǹkan méjì tí a dì sínú ẹrù kan. Ìmọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rí wà níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti fa ọ̀rọ̀ méjì yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Gary Becker, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1992, ní ẹ̀kọ́ dà bí irinṣẹ́ tí èèyàn rà sínú ara rẹ̀: iṣẹ́ rẹ̀ á dára sí i, owó tó ń gbà á sì lọ sókè. Ṣùgbọ́n ní 1973, Michael Spence, tí òun náà gba Nobel ní 2001, gbé ọ̀rọ̀ míì kalẹ̀. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò lè la orí ẹnikẹ́ni wò kó tó gbà á síṣẹ́. Àmì ló ń wá. Ẹni tó bá lè fara da ìdánwò lórí ìdánwò fún ọdún mẹ́rin ti fi hàn pé òun ní ọpọlọ, òun sì ní sùúrù, kódà bí kò bá sí ohun kan tó kọ́ níbẹ̀ tó kan iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe.

Ta ló jàre? Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan ná. Ní 2001, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé òun máa kó àwọn ẹ̀kọ́ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àṣetiléwá, ìdánwò, ẹni tó bá fẹ́ kó wá kó o. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Bó bá jẹ́ ìmọ̀ nìkan la ń rà, ṣé ẹnikẹ́ni ì bá tún máa san owó? Ẹ̀yin olùkọ́ ti ń mi orí sí mi. Mo gbà fún yín: olùkọ́ tó ń wo ojú ọmọ kó lè mọ̀ pé kò yé e, yàrá àyẹ̀wò, ẹgbẹ́ tó ń bá ara wọn jiyàn di òru, kò sí ìyẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí yóò jókòó ti ara rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin láìsí ẹni tó ń lé e kò wọ́pọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí wọ́n bá ní ká máa kọ́ àwọn ọmọ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ká má fún wọn ní ìwé kankan lọ́jọ́ ìkẹyìn, kíláàsì á ṣófo.

Ẹ wo iye owó tí wọ́n ń gbà. Ìjọba Amẹ́ríkà máa ń kó owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn jọ lọ́dọọdún. Ní 2023, ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn nínú àwọn tó dúró sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ń gba 899 dọ́là lọ́sẹ̀. Ẹni tó ní dìgírì àkọ́kọ́ ń gba 1,493. Àlàfo ńlá nìyẹn. Ẹgbẹ́ kan tún wà láàárín tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ wọn: àwọn tó wọ yunifásítì, tí wọ́n kàwé díẹ̀, tí wọn kò gba ìwé kankan jáde. Èló ni tiwọn? 992. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sí ọkàn, mo máa padà wá bá a.

Nínú ẹgbẹ́ àárín yẹn, ọ̀pọ̀ kò kàwé ju ọdún kan lọ, nítorí náà nọ́ńbà yẹn nìkan kò lè ṣe ìdájọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó yẹ ọdún ẹ̀kọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan rí i pé ọdún tí ìwé bá tẹ èèyàn lọ́wọ́ ni owó máa ń fò sókè jù, ju ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ fíìfíì. Awọ àgùntàn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, torí pé orí awọ àgùntàn ni wọ́n ń kọ ìwé-ẹ̀rí sí nígbà kan. Ọdún kẹrin kì í ṣe ọdún tí ọpọlọ ń yára jí jù. Ìwé ló jáde.

Nítorí náà, Becker jàre, Spence náà jàre. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà, ìmọ̀ ló ń rà; Ọlọ́run má jẹ́ ká bọ́ sọ́wọ́ dókítà tó jẹ́ ẹ̀rí nìkan ló rà. Ẹni tó gba dìgírì nínú ohun kan tó lọ ń ṣe ohun míì ní báǹkì, ẹ̀rí ló ń lò. Ẹni tó dùn mí jù ni ẹni tí kò mọ èwo ló fẹ́ rà, tó kàn wọ inú ọjà torí pé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ̀ ọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 1,493 yẹn tàn yín pé dìgírì nìkan ló mú gbogbo rẹ̀ wá. Àwọn tó lọ àti àwọn tí kò lọ kò dọ́gba láti ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ ní òbí tó ní lọ́wọ́, wọ́n ní ẹni tó mọ ẹni tó lè gbà wọ́n síṣẹ́. Bí a bá mú ọmọ náà gan-an tí a kò jẹ́ kó lọ, bóyá kò ní dúró sí 899.

Owó tí a ń rí, àti owó tí a kì í rí

Ẹ bá mi ṣírò. Ọmọ méjì, ọjọ́ orí kan náà, òye kan náà. Ká pe owó oṣù ẹni tó wọ iṣẹ́ lẹ́yìn girama ní 100. Mi ò ní 100 kí ni. Owó yòówù tí ẹ bá ń ná ni kí ẹ fi sí i. Èkejì wọ yunifásítì fún ọdún 4. Owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ 600 lọ́dún, 2,400 lápapọ̀. Bí ẹ bá bi òbí ọmọ yẹn pé èló ló ná an, 2,400 ni yóò dá yín lóhùn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Oṣù 48 ni ẹnì kejì rẹ̀ fi ń gba 100. Ìyẹn jẹ́ 4,800. Ẹni tó wà ní kíláàsì kò gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi 4,800 kún 2,400, ó di 7,200. Mi ò ka oúnjẹ àti ilé mọ́ ọn, torí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà ń jẹun. Ṣé ẹ rí i? Ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló wà nínú ìwé ìsanwó. Ìdá méjì yòókù kò kan ilẹ̀kùn wa, kò fi ìwé ránṣẹ́ sí wa, kò sì pariwo. Ọdún ayé ọmọ náà ni.

Ká wá ní ó jáde, ó rí iṣẹ́ tó ń san 150. Èrè rẹ̀ lórí ẹnì kejì jẹ́ 50 lóṣù, 600 lọ́dún. Ọdún 12 ni yóò fi ṣiṣẹ́ kí 7,200 tó padà dé. Kò burú. Ẹni ọdún méjìlélógún ṣì ní ogójì ọdún iṣẹ́ níwájú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 120 ló rí gbà ńkọ́? Ọdún 30. Tí ọdún 4 bá di 6 ńkọ́, bóyá ó tún iṣẹ́ kan ṣe, bóyá wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa? Owó ilé-ẹ̀kọ́ á di 3,600, owó iṣẹ́ tó pàdánù á di 7,200, àpapọ̀ 10,800. Kódà pẹ̀lú 150 lóṣù, ọdún 18 ni. Mi ò tíì fi èlé sí i. Mi ò sì tíì rántí pé owó ẹni àkọ́kọ́ náà kò ní dúró sí 100 títí ayé.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń bá àwọn tó ń sọ pé "ibi kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́" yọ ayọ̀ àyọ̀jù. Mo fẹ́ kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Jámánì fagi lé owó ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn yunifásítì ìjọba wọn. Ìpínlẹ̀ tó kẹ́yìn, Lower Saxony, ṣe é ní 2014. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n 2,400 ni wọ́n pa rẹ́, 4,800 ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ tó gba ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ ọmọ kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà kejì. Ní 1998 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba 1,000 pọ́ùn lọ́dún. Ní 2006 ó di 3,000. Ní 2012 ó di 9,000. Ọdún mẹ́rìnlá péré! Ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ogójì mílíọ̀nù èèyàn tó jẹ ìjọba àpapọ̀ ní gbèsè owó ilé-ẹ̀kọ́, gbèsè náà sì ju tírílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là lọ. Gbèsè yìí kì í ṣe gbèsè lásán. Ẹni tí òwò rẹ̀ dojú dé lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé ọ̀pọ̀ gbèsè rẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ ṣòro gan-an láti bọ́ nínú rẹ̀ lábẹ́ òfin wọn.

Ọ̀nà tó tẹ́ mi lọ́rùn jù nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀ ni èyí tí Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Ọmọ á kàwé, ìjọba á san án, bí ó bá wá ń ṣiṣẹ́ tí owó rẹ̀ dé iye kan, a ó máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí owó rẹ̀ kò bá dé ibẹ̀, wọn kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀: bí ìwé náà kò bá mú owó wá, kì í ṣe orí ọmọ nìkan ni òfò náà ń dá lé. Níbi tí kò bá sí irú ètò yẹn, ilẹ̀ bàbá ni yóò gbé òfò náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ l'oníṣẹ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fún mi ní etí yín jù.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, obìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí orí rẹ̀ pé. Òun ló máa ń ṣàlàyé ìṣirò fún wa lábẹ́ igi lẹ́yìn tí olùkọ́ bá lọ tán. Ní ọdún kẹta, àìsàn dá bàbá rẹ̀ wólẹ̀. Owó tí wọ́n fi ń rán an níwèé di owó oògùn. Ó yá owó, ó tún yá sí i. Nígbà tí ìdánwò ìparí ọdún dé, ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹni tí kò bá tíì san owó tán kò ní wọlé. Ohun tó kù kò tó nǹkan. A dá owó jọ, kò pé. Ó dúró níta gbọ̀ngàn ìdánwò, ó ń wò wá bí a ṣe ń wọlé. Mi ò jẹ́ gbàgbé ojú rẹ̀.

Ó ní òun á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la; kò padà wá mọ́. Nígbà tó pẹ́, ó ń wá iṣẹ́, wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti béèrè ìwé-ẹ̀rí tó ga jù tó ní. Ó sọ fún mi pé òun jókòó ti ibẹ̀ yẹn pẹ́ kí òun tó kọ ọ́ síbẹ̀: girama. Ọdún mẹ́ta nínú ayé rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó mọ̀, kò ní àyè lórí fọ́ọ̀mù náà. Gbèsè rẹ̀ ní àyè tirẹ̀ ṣá. Ọdún mẹ́fà ló fi san án.

Ẹ rántí 992 yẹn? Òun nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ l'oníṣẹ́, à fi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Dìgírì tó wọ́n jù láyé kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ tó gbówó lórí jù. Èyí tí a bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí ló wọ́n jù. Iṣẹ́ púpọ̀ ni èèyàn lè dá dúró lágbedeméjì kó sì rí nǹkan mú lọ. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà dé ìdajì lè mọ ògiri. Ẹni tó ka dìgírì dé ìdajì, lójú agbanisíṣẹ́, kò kà á rárá. Àìdára ni. Mo gbà pé àìdára ni, mo sì fẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa fún ọmọ ní ìwé fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá yege, kí ẹni tí ilé ayé já gbà lọ́nà má bàa jáde lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n títí wọn yóò fi ṣe é, báyìí ló ṣe rí.

Kó má sì dà bíi pé ẹjọ́ ẹnì kan ni mò ń rò. Ní Amẹ́ríkà, nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin, bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá, tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ló ń parí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà láàárín ọdún mẹ́fà. Àwọn yòókù ńkọ́? Díẹ̀ lọ parí síbòmíràn. Ọ̀pọ̀ kò parí. Síbẹ̀, bí a bá ń ṣírò bóyá ó tọ́ ká lọ, owó oṣù àwọn tó parí nìkan la máa ń gbé wò.

Ohun tí mo máa ń sọ fún òbí tó bá wá bá mi lórí èyí máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Mo máa ń ní: owó ọdún tó kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Gbogbo wa la máa ń rí owó ọdún kìíní; ẹbí á dá a, ọ̀rẹ́ á mú wá, ayọ̀ ṣì wà. Ní ọdún kẹta, gbogbo wọn ti lọ sílé wọn. Ẹ kó owó ọdún tó kẹ́yìn pamọ́ síbi tí ọwọ́ yín kò ti ní tètè kàn án, kí ẹ tó san ti àkọ́kọ́. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣiṣẹ́ ọdún kan tàbí méjì ná. Yunifásítì kò ní sá lọ.

Àwọn tó sọ pé ẹni ńlá kò parí ìwé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé ẹ ti ń dúró de ibí yìí. Bill Gates, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Microsoft sílẹ̀, kò parí yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ó kúrò ní 1975. Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ náà kúrò níbẹ̀ ní 2004. Peter Thiel, olówó kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọ̀dọ́ kan ní 100,000 dọ́là ní 2011 kí wọ́n lè fi yunifásítì sílẹ̀ lọ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í wo ago aláago ṣiṣẹ́. Ní 1968, nígbà tí Gates jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ní ẹ̀rọ tó so mọ́ kọ̀ǹpútà, nígbà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì kò ní ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fọwọ́ kàn. Bàbá rẹ̀ jẹ́ amòfin. Nígbà tí Zuckerberg kúrò, wọ́n ti ń lo Facebook rẹ̀ ní yunifásítì lórí yunifásítì. Wọn kò kúrò láti lọ wá ohun tí wọn yóò ṣe. Ohun tí wọ́n ń ṣe ló ti dàgbà ju àkókò tí wọ́n ní lọ. Ẹ ò rí i pé ó yàtọ̀? Bí iṣẹ́ kan bá wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, tí àwọn èèyàn ń san owó fún un, tí kíláàsì ń dí i lọ́wọ́, wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé yìí, a ó jọ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ìwé ló sú ọ, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ní Swítsàlandì, bíi méjì nínú ọ̀dọ́ mẹ́ta ni kì í gba ọ̀nà yunifásítì tààrà. Iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́. Ọmọ á lo ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, lábẹ́ ọ̀gá, wọ́n á máa san owó fún un. Á lo ọjọ́ kan tàbí méjì ní kíláàsì. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan o, iṣẹ́ báǹkì wà níbẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Bó bá wá wù ú láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn wà tó lè gbà wọlé. Ohun tó jẹ́ kí ètò yìí múná dóko ni pé ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ wọn ní iyì. Agbanisíṣẹ́ mọ ohun tó túmọ̀ sí. Níbi tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ kò bá ní ìwé tí ẹnikẹ́ni kà sí, kò sí bí a ṣe lè bá àwọn òbí wí pé dìgírì nìkan ni wọ́n ń lé.

Àwọn ìjọba kan ti ń jí. Ní 2022, ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà yọ dìgírì kúrò nínú ohun tí wọ́n ń béèrè fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ìjọba, àwọn míì sì tẹ̀ lé e. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìkéde yá ju ìgbanisíṣẹ́ lọ. Kò ì tíì pọ̀ tó kí ọmọ fi gbogbo ayé rẹ̀ lé e lórí.

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná lẹ́yìn girama. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, ó ti ní àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ilé ńlá bá dé, òfin ní ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àwòrán rẹ̀. Òun á ya àwòrán, òun á fa wáyà, ẹlòmíràn á wá fọwọ́ sí i, á gba owó, á lọ. Ó fara dà á fún ọdún díẹ̀. Nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó wọ yunifásítì tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, irú èyí tí Open University ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 1971 fún àwọn tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Owó ara rẹ̀ ló san. Kò dá iṣẹ́ dúró, nítorí náà 4,800 yẹn kò sí nínú ìṣirò tirẹ̀. Ó sì ní ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ́ òun ni òun ti fọwọ́ kàn rí. Ìdí rẹ̀ ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́. Mi ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó mọ ohun tó wá rà, títí dé orí ìwé tí wọ́n yóò ní kó fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ńkọ́? Kí n yára sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Stacy Dale àti Alan Krueger, yẹ̀ ẹ́ wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002. Wọ́n mú àwọn ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ olókìkí gbà wọlé àmọ́ tí wọ́n lọ sí èyí tí òkìkí rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tó lọ sí ti olókìkí. Àyàfi ẹgbẹ́ kan: àwọn ọmọ ilé tálákà. Fún àwọn yẹn, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ mú ìyàtọ̀ wá. Ó yé mi. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ lè pe ẹnì kan lórí fóònù kò nílò orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò pè, ilé-ẹ̀kọ́ ló ń bá a pè.

Ohun tí ìṣirò kò kà

Mo ti ń sọ owó, owó, owó. Ó yẹ kí n sọ èyí kí n tó jókòó. Ohun tí yunifásítì fún mi tí mo ṣì ń lò lójoojúmọ́ ni pé mo lè jókòó ti ohun tí kò yé mi fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n má sá. Kí n tó lọ, bí nǹkan kò bá yé mi, mo máa ń rò pé kì í ṣe fún irú wa ni. Mi ò mọ iye tí mo lè pe ìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí n dá a padà kí wọ́n dá gbogbo owó mi padà fún mi, mi ò ní gbà.

Ṣùgbọ́n mo tún mọ àwọn tó jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, tí wọn kò rí irú rẹ̀ mú jáde, torí pé wọ́n lọ fún ẹlòmíràn. Fún màmá, fún àdúgbò, fún fọ́tò ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde.

Bàbá, ó ti kàn yín o. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n mo lè sọ ohun tí yóò jẹ́ kí ẹ lè sọ ọ́ fúnra yín. Ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ béèrè pé nínú ọgọ́rùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, mélòó ló parí, ọdún mélòó sì ni wọ́n fi parí. Ẹ wá ẹni mẹ́ta tó jáde nínú ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ wo ilẹ̀ yín, ṣé ó lè san ọdún tó kẹ́yìn bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì? Bí kò bá lè san án, ẹ má tíì tà á.

Ohun tó ṣẹ́kù nìkan ni èmi àti ẹ̀yin kò lè dáhùn. Ọmọ yín tó dúró lẹ́yìn yín lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ilẹ̀ nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, mo rí i pé òun ló jókòó tì yín yẹn. Ó ti ń kọ nǹkan láti ìgbà tí mo ti ń ṣírò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan bá mi fún un ní máìkì. Ọmọ mi, dìde, má bẹ̀rù. Kí lo fẹ́ lọ rà níbẹ̀?